Àpótí Owó Àtijọ́ Ọkọ Mi

Sátidé, 20 oṣù Keje, 1991. Ìkìrun

Adájọ́ wá láti Ìnísà lónìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Ìyá Ọmọ́jọlá ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, mo sì ń kúnlẹ̀. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Adájọ́, tí mo sì ń pè é ní "ó". Ta ló máa rí i?

Oṣù mẹ́fà pé lánàá tí Olúsọjí, ọkọ mi, ti kú. Adájọ́ ní sàréè wọn ò gbọdọ̀ wà lásán bẹ́ẹ̀. Òkúta máàbù ni òun fẹ́, pẹ̀lú àkọlé. Ó ti kọ àkọlé náà sínú ìwé, ó ní kí n kà á sókè: "Ọkọ Morádéyọ̀. Baba tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jìn fún àwọn ọmọ rẹ̀." Èmi ni Morádéyọ̀. Mo ní ó dára, mà. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ó nawọ́ sí yàrá wa.

"Ṣebí owó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tà á."

Àpótí irin yẹn ló ń wí. Owó àtijọ́, tí ẹnikẹ́ni ò lè ná mọ́, tí ọkọ mi fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ.

Mo ní mo gbọ́. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti wọlé wọn ni mo ti ń sọ fún un pé mo gbọ́.

Sọ́ńdè, 21/7

Mi ò fọwọ́ kan àpótí. Ọjọ́ Olúwa ni. (Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí.)

Mọ́ńdè, 22/7

Ilé ìwé ti gba ìsinmi, kò sí ohun tí mo lè fi ṣe àwáwí mọ́. Mo ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú bàtà iṣẹ́ wọn, ibi tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ó wà. Nígbà ayé wọn n kì í sún mọ́ ọn. "Ìyá Wùnmí, ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kan nǹkan yìí." Bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Èmi tí mo ń kọ́ ogójì ọmọ ní ìṣirò.

Agolo bisikíìtì mọ́kànlá. Ọ̀níní tó ní ihò láàárín, tí a máa ń fi okùn so pọ̀ nígbà èwe mi. Kọ́bọ̀ ńláńlá. Tọ́rọ́. Sísì. Ṣílè — ṣílè tó pọ̀! Owó àwọn Faransé. Owó ẹyọ kún ìbọ̀sẹ̀ kan.

Ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè Ìkìrun ni wọ́n. Owó tó bá wù wọ́n nínú èyí tí èrò mú wá, wọn á fi tiwọn rọ́pò rẹ̀, wọn á mú un wálé nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, wọn á gbé e sábẹ́ àtùpà, wọn á máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Láwọn ọdún àkọ́kọ́ mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ wọ́n ní Ọ̀gá Tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán.

Gbogbo owó náà ló ti dúdú. Ìdọ̀tí ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Màá fọ̀ wọ́n. Ta ló máa ra ìdọ̀tí?

Wẹ́sìdé, 24/7

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi fọ owó. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, bí a ṣe ń fọ ìkòkò. Ọwọ́ mi ti bó. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dán! Mo tẹ́ wọn sórí ẹní lẹ́yìnkùlé, oòrùn bà wọ́n, gbogbo ilẹ̀ ń kọ mànà. Inú mi dùn díẹ̀. Ọwọ́ mi kan gbogbo wọn pátá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

Sátidé, 27/7

Ọjọ́ ìmọ́tótó. Kò sẹ́ni tó jáde títí aago mẹ́wàá fi lù. Mo jókòó ti agolo tó kẹ́yìn. Èyí yàtọ̀ sí ìyókù. Owó inú rẹ̀ wà nínú àpòòwé kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú tirẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sára àpòòwé kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti rí owó náà, ọjọ́, orúkọ ẹni tó tà á. Mi ò fọ èyí. Kíkà ni mò ń kà á.

"Ìnísà, 2/6/66. Lọ́wọ́ ìyá afọ́jú kan tó ń ta iyọ̀. Ó fi ọwọ́ pa á, ó sì mọ̀ pé tọ́rọ́ ni."

"Ìkìrun, 9/9/67. Òjò ńlá. Wùnmí dá rìn lónìí."

Mi ò mọ̀ pé wọ́n kọ ọ́ síbì kankan. Ọmọ wa obìnrin, Ọmọ́wùnmí, ìgbésẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, lára àpòòwé kọ́bọ̀. Mo sunkún díẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n sọ pé àárò wọn ń sọ mí.

Túsìdé, 30/7

"Òkukù, 14/3/73. Lọ́wọ́ Ọlánípẹ̀kun káfíńtà. Ṣílè fàdákà, 1913. Kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo ohun tí mo ní."

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 1973.

Mi ò lè kọ nǹkan mìíràn.

Wẹ́sìdé, 31/7

Láti òní lọ, mi ò ní pè é ní "wọ́n" mọ́ nínú ìwé yìí. Ó. Olúsọjí. Ó.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Ọlásúnkànmí ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ibà ti ń ṣe é láti Sọ́ńdè. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Wẹ́sìdé yẹn, gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó owó oṣù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lé Olúsọjí lọ́wọ́. Mo ní ẹ lọ wá mọ́tò, ká gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Ó ní kí oòrùn tó mú òun á ti dé. Ó jáde.

Mo pọn ọmọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wùnmí, ọmọ ọdún méje, ń fi omi tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Oòrùn mú. Oòrùn wọ̀. Kò dé. Kò sí kọ́bọ̀ nílé. Mo gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ti Aládùúrà, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ wa jù. Wòlíì gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ jáde lọ wá mọ́tò. Kó tó rí i, ọmọ ti lọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni Olúsọjí tó dé. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ló yẹ̀ lẹ́bàá Ọ̀fà, pé wọ́n kó gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ tipátipá. Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ káàánú rẹ̀. Èmi ni mo ń sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ ò káàánú mi. Adájọ́ ló kọ́kọ́ gbé e jáde pé èmi ni mo gbé ọmọ lọ sílé àdúrà dípò ọsibítù. Ó sọ ọ́ lọ́jà. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Ó sọ ọ́ níbi ìkómọ ẹlòmíràn. Ọdún méjìdínlógún. Wùnmí dàgbà sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sọ ọ́ sí mi lójú rí, ṣùgbọ́n ó tutù sí mi, mo sì mọ ìdí. Èmi gan-an gbà pé mo jẹ̀bi. Mo máa ń jókòó ní kíláàsì, kí àwọn ọmọ máa ka ìwé, kí n máa bi ara mi pé kí ló dé tí mi ò fi gbé e rìn lọ sójú títì.

Olúsọjí wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò la ẹnu rẹ̀ rí.

Tọ́sìdé, 1/8

Mo rò pé ó lè jẹ́ pé ó ṣi ọjọ́ kọ. Mo gbé Bíbélì rẹ̀, ibi tí a ń kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú sí. "Ọlásúnkànmí sùn, 15/3/73." Òun náà ló kọ ọ́. Ìkọ̀wé kan náà. Kò ṣì í kọ.

Sátidé, 3/8

Òkukù.

Bọ́ọ̀sì kékeré láti gáréèjì. A gba Ìnísà kọjá. Mi ò wo ọ̀nà ilé Adájọ́. Ní Òkukù, ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi léèrè ló mú mi dé ilé Bàbá Ọlánípẹ̀kun. Ó ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fá igi nínú ìloro — àga ọmọdé ló ń kàn. Mo ní ìyàwó Olúsọjí rélùwéè ni mí. Ó fò dìde, ó ń pariwo kí wọ́n gbé omi tútù wá fún àlejò pàtàkì.

Mo bi í nípa ṣílè fàdákà. Ó rántí! Ó ní ọdún tí ìjọba yí pọ́n-ùn padà sí náírà ni. Bàbá òun ló ri ìkòkò owó mọ́lẹ̀ nínú yàrá. Àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u ni, òun sì fẹ́ kó o lọ sí báńkì ní ọjọ́ kejì kí wọ́n bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Olúsọjí ti gbọ́, ló bá wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, kó lè ṣà nínú rẹ̀ kó tó di ti báńkì. Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ló wà lórí ẹní, tó ń ṣa owó. Wọ́n jọ jẹ iyán. "Ọkọ yín mọ ìtàn sọ, mà! A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn!"

Mo bi í bóyá Olúsọjí sọ pé ọmọ òun ń ṣàìsàn. Bàbá ronú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́. Ó ní ibà díẹ̀ ni, pé ìyá rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, pé òun á bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà. Nígbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ fọn fèrè, Bàbá ní òun pè é pé ọkọ̀ ti dé o. Ó ní ó ku díẹ̀. Ọkọ̀ lọ. Ló bá sùn síbẹ̀.

"Mo ní kó mú ọ̀níní kan lọ fún ọmọ náà, kó fi ṣeré. Ara ọmọ náà yá, àbí?"

Mo ní ara rẹ̀ yá, Bàbá.

Kí ni kí n sọ fún arúgbó?

Sọ́ńdè, 4/8

Ó gbọ́ fèrè. Ó ní ó ku díẹ̀.

Fúráìdé, 9/8

Mo bọ́ aṣọ dúdú. Ó yẹ kí n wọ̀ ọ́ títí oṣù Kìíní. Aládùúgbò mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé kò sí? Mo ní kò sí, aṣọ ló gbó.

Tọ́sìdé, 15/8

Ọ̀gbẹ́ni Adéjàre dé láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ra owó àtijọ́ fún àwọn òyìnbó. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú àpótí, èmi ni mo kọ lẹ́tà sí i. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní. Ó ní dígí kékeré kan tó ń fi sójú kan. Mo ti sọ ọ́ ní Olójúkan.

Mo to agolo mẹ́wàá síwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ó káwọ́ lérí.

"Ìyá, ta ló fọ̀ wọ́n?"

Mo ní èmi ni. Ó ní kí ni mo fi fọ̀ wọ́n. Mo sọ fún un. Ó jókòó wọ̀ọ̀. Ó ní dúdú ara owó àtijọ́ yẹn gan-an ni iyì rẹ̀, pé ẹni tó bá fi eérú ha á ti bà á jẹ́, kò sì sí àtúnṣe. Ó ní ká ní mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ìlọ́po mẹ́wàá owó tí òun máa san yìí ni òun ìbá san.

Ó yẹ kí n sunkún. Ẹ̀rín ló pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí Olójúkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà. Ìdí tí ọwọ́ mi ò fi gbọdọ̀ kàn án nìyẹn! Ó lè sọ fún mi. Gbólóhùn kan péré ni. Kò kà mí sí ẹni tó yẹ kó mọ̀, àní nípa owó tó dọ̀tí.

Agolo àpòòwé nìkan ló ra ní owó gidi. Nígbà tó kan ṣílè Òkukù, ó dì í mú títí, ó ń yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ dígí, ó ń mí hẹlẹ. Mo ní kó mú owó náà lọ, kó fi àpòòwé sílẹ̀. Ó ní ìwé ara àpòòwé wà lára iyì rẹ̀, pé owó á dínkù. Mo ní kó dínkù.

Ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Owó tó san tó òkúta Adájọ́, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀.

Sọ́ńdè, 18/8

Wùnmí wá láti Òṣogbo. Mo fi àpòòwé Òkukù lé e lọ́wọ́. Ó mọ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó. Mo sọ ohun tí Bàbá Ọlánípẹ̀kun sọ, títí kan fèrè. Kò sunkún. Ó ní: "Màmá, mo rántí bí ẹ ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà." Ìyẹn nìkan. Ó lọ láìjẹun.

Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn mi lọ. Ṣé ó yẹ kí n gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Mi ò mọ̀. Mo ti gbà á ná.

Wẹ́sìdé, 28/8

Wọ́n kéde lánàá pé a ti kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, a ti di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ń jó lójú títì. Mo ti fèrèsé.

Sátidé, 31/8

Ìnísà. Ìmọ́tótó tún ni, aago mẹ́wàá ti kọjá kí bọ́ọ̀sì tó gbéra.

Mo bá Adájọ́ lórí àga, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé owó òkúta fún un. Ó kà á, ó súre fún mi pé èmi náà á dàgbà, á gbó. Lẹ́yìn náà mo gbé àpòòwé lé e lórí itan. Mo ní: "Ẹ kà á, Ìyá Ọmọ́jọlá. Kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan tó yẹ̀."

Mo ti múra sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti Òkukù dé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ tó bá sẹ́, èyí tí màá sọ tó bá bú mi.

Kò sẹ́. Kò tilẹ̀ kà á. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó ní: "Mo mọ̀."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ní láti Òkukù, ọ̀dọ̀ òun ni Olúsọjí kọ́kọ́ yà sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti yá owó ọsibítù, nítorí ó ti ná tèmi. Òun ṣì ń tú owó nínú aṣọ nígbà tí ẹnìkan dé láti Ìkìrun pẹ̀lú ìròyìn. Olúsọjí ṣubú lulẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní òun ń lọ jẹ́wọ́ fún mi. Adájọ́ ló dì í mú. Adájọ́ ló wá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin fún un.

"Ìwọ tíṣà, tó ń gba owó oṣù ara rẹ, tí bàbá rẹ ṣì wà láàyè ní Igbáyè? Ọjọ́ yẹn gan-an ni ò bá kó Wùnmí, kó ẹrù rẹ. Kí ni àbúrò mi ìbá wá dà?"

Mo ní ọ̀rọ̀ ilé àdúrà ńkọ́. Ó ní àwọn ènìyàn ti ń bèèrè ìdí tí ọmọ náà ò fi dé ọsibítù. "Ẹnìkan gbọ́dọ̀ rù ú. Ìwọ lo lágbára." Bó ṣe wí i nìyẹn. Bí ẹni ń yìn mí.

Ó ní Olúsọjí ò gbàgbé. Ó ní gbogbo oṣù kẹta, ó máa ń wá sunkún sí òun lọ́rùn pé òun fẹ́ sọ fún mi. Òun ní kó dákẹ́. Ó sì dákẹ́. Mo wá ń rò ó: gbogbo oṣù kẹta yẹn, ó máa ń sọ pé rélùwéè rán òun níṣẹ́. Èmi ni mo ń di oúnjẹ fún un.

Mo bi í pé ibo ni wọ́n sin ọmọ mi sí. Wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá, mi ò sì bèèrè rí. Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní òun ò rántí dáadáa mọ́. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni, lẹ́yìn ilé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún ò sí mọ́.

Ìwé àkọlé wà lórí tábìlì. Mo dìde, mo mú bírò nínú báàgì mi, mo fa ìlà sórí orúkọ mi. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì kí agbẹ́kúta má baà ṣì í kà. Èyí tó kù, kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí.

"Ìyàwó. Ká ní a sọ fún ọ nígbà yẹn, ṣé o ò ní lọ?"

Mo bọ́ síta. Mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Sátidé, 7 oṣù Kẹsàn-án. Igbáyè

Mo kó kúrò nílé Olúsọjí lónìí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Àwọn aládùúgbò jókòó síta, wọ́n ń wò. Ọ̀kan ní ṣé wọ́n lé mi ni. Mo ní rárá o, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń lọ. Bẹ́ẹ̀dì, mo fi sílẹ̀. Àpótí irin, mo fi sílẹ̀. Mo kó ìwé mi, ìkòkò mi, aṣọ mi. Kò kún ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù.

Wùnmí ló wá pikọ́ọ̀pù náà. Mi ò ránṣẹ́ pè é. Ó kàn dé láàárọ̀ pẹ̀lú dírẹ́bà, ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ dání. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ níwájú ọkọ̀, òun wá lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Ọmọ náà sùn lé mi láyà títí a fi dé.

Ọlọ́rundáre, àbúrò mi, ló wà nílé bàbá wa. Ó ti kó iṣu kúrò nínú yàrá ọ̀tún kí a tó dé, ó ti gbá a. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ó ti pẹ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Kò tún bèèrè mọ́. Ó gbé ẹrù wọlé.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Wùnmí tó sọ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó ní: "Màmá, lọ́jọ́ kan àwọn ẹbí Bàbá á wá. Wọ́n á ní àfi kí àwọn gbé yín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá."

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́bàá sàréè bàbá mi. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Mo ní ibí. Kó wò ó dáadáa.

Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró ti ògiri, ó kọjú sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ sí ọmọ ìka, ó ń kà á sókè. Mọ́kànlélógún ló fi dé ibi tí mo tẹ̀. Ó padà sídìí ògiri, ó tún un kà.